Ọ̀rọ̀ Márùn-ún fún Orí-Irin Kejì

3.

…tí mo sì sọ fún Màámi pé kò dùn mí rárá, kí wọ́n máa gé e lọ.

Píìnì mẹ́rin ló wà lẹ́nu wọn. Aránṣọ ni Màámi. Bí píìnì ò bá sí lẹ́nu wọn, èébú ló máa wà níbẹ̀. Wọ́n ń fún ẹ̀gbẹ́ aṣọ eré nọ́ńbà mẹ́sàn-án mọ́ àbúrò mi lára. Aṣọ mi nìyẹn. Àbúrò mi dúró láàárín yàrá, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni Màámi wí láàárín píìnì. "Ìdí rẹ ò tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ẹ gbọ́ o! Nínú gbogbo ohun tí mo ní láyé, ìdí nìkan ni kò tíì rí gbà.

Kò dùn mí.

Àtúnṣe: ó dùn mí.


4.

OHUN TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́ MI BỌ́ SỌ́WỌ́ ÀBÚRÒ MI LÁTI ỌDÚN TÓ KỌJÁ

— aṣọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án
— ipò iwájú nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa
— àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́
— ẹ̀rín Kóòṣì (ẹyọ kan ṣoṣo ni Kóòṣì ní, ẹni tó bá gbá góòlù wọlé ló ń lò ó)
— orúkọ mi


5.

Orí-Irin ni wọ́n ń pè mí ní pápá. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù láti kọ́nà, gbogbo èèyàn á máa wá ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi gbá a. Èmi á ti wà lókè bí àjà ilé. Màá fi iwájú orí kàn án, gbàù! Ó ti wọlé. Góòlù mẹ́rìndínlógún ni mo fi orí gbá wọlé kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Aṣọ́lé kan sọ pé bí òun bá ti rí iwájú orí mi, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run òun.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ wọ aṣọ náà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fò, ó fi orí kàn án, gbàù! Àwọn òǹwòran pariwo: "Orí-Irin Kejì!"

Mo pàtẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ fọ́nnu fún ẹni tó jókòó tì mí pé ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn.

Ní eré kejì, wọ́n tún pariwo: "Orí-Irin Kejì!"

Ní eré kẹta, ó ti rẹ̀ wọ́n láti máa pe "Kejì".


6.

Ohun tó ṣe mí lọ́dún tó kọjá, bí àwọn tó rí i ṣe rò ó fún mi. Èmi ò rántí.

Ìṣẹ́jú ogún. Èmi àti ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kejì fò sókè, orí gbá orí. Mo dìde. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún mi létí pápá pé kí n tún un sọ. Mo sọ mẹ́ta. Ìwé ní mẹ́ta náà ni mo máa ń rántí nígbà tí ara mi dá ṣáṣá. Mẹ́ta pé mẹ́ta. Mo padà wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìṣẹ́jú àádọ́ta. Bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, irú èyí tí ọmọdé ń fi orí gbà nínú àgbàlá, kàn mí níwájú orí.

Mo ṣubú bí aṣọ tó já kúrò lórí okùn.

Ní ọsibítù, dókítà bu omi sínú ike, ó dé e, ó mì í.

"Ṣé ike fọ́?"

"Rárá, sà."

"Wo omi."

Mo wo omi. A kí ara wa pé ó dàbọ̀, a jáde, omi náà ò tíì dákẹ́.

Láti ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú. Ariwo ń gún mi létí. Ọ̀rọ̀ ń sá fún mi. Mo lè máa wá orúkọ ṣíbí títí oúnjẹ á fi tutù. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù tán fún mi.


7.

ÌKÉDE
(lára ògiri yàrá tí a ti ń múra)

Gbogbo agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò orí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Màá ka ọ̀rọ̀ márùn-ún, ìwọ á tún un sọ. Iye tó o bá rántí ni màá kọ sílẹ̀. Bí nǹkan bá gbá ọ lórí lọ́jọ́ eré, màá tún bi ọ́. Bí iye náà bá wálẹ̀, o ò padà sórí pápá lọ́jọ́ náà. Má bẹ̀ mí. Má rán Kóòṣì sí mi.
— Nọ́ọ̀sì

*Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan fi bírò kọ ọ́:* Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ti gọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

*Nísàlẹ̀ ìyẹn:* Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ mọ̀. Wá rí mi.


8.

Ẹ sún mọ́ ibí, kí Nọ́ọ̀sì má gbọ́.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, àgbà ló ń fi kọ́ èwe. Bí Nọ́ọ̀sì bá ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún ọ nígbà tí ara rẹ yá, má sọ márààrún. Sọ mẹ́ta. Ṣe bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jí. Fi méjì yòókù sábẹ́ ahọ́n. Bí orí rẹ bá wá gbá nǹkan lọ́jọ́ eré, tó o sì rántí mẹ́ta péré, ta ló fẹ́ mọ̀? Ìwé á ní bó o ṣe wà láti ilé nìyẹn. Wọn ò ní yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ ahọ́n là ń pè é. Kápítẹ́nì tó ṣáájú mi ló kọ́ mi. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi, lórí àtẹ̀gùn ilé wa, kí orí mi tó fọ́.

"Mẹ́ta ni kó o sọ," ni mo wí fún un.

Ó débẹ̀, ó sọ méjì.

Ẹ ò rí nǹkan! Kódà nínú ká díbọ́n pé a gọ̀, ó gbọ́dọ̀ jù mí lọ!

Ẹ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ ẹ bá rín in tán, ẹ gbọ́ èyí. Nọ́ọ̀sì tún mi yẹ̀ wò lóṣù tó kọjá. Mo sa gbogbo ipá mi. Mo di ojú. Mo di ìkúùkù. Mi ò fi nǹkan kan sábẹ́ ahọ́n.

Mẹ́ta.


9.

Nọ́ńbà yìí ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ bi àbúrò mi.


10.

*Ní yàrá Nọ́ọ̀sì. Àga méjì, ìwọ̀n kan, bẹ́líìtì ẹnì kan lórí ìkọ́.*

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí lò ń ṣe nílé látàárọ̀?

ÈMI: Mò ń jowú, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣé gbogbo ọjọ́ ló ń gbà?

ÈMI: Mo máa ń sinmi díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dáa. Iṣẹ́ wà. Ojú mi ò tó gbogbo pápá. Wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yìí. Olùṣọ́ Orí ni ọ́ láti òní lọ. Káàdì búlúù rèé. Bí o bá rí ẹni tí nǹkan gbá lórí, ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un. Bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, gbé káàdì sókè. Rẹfirí á dá eré dúró, ẹni náà á jáde, kò sì ní padà lọ́jọ́ náà. Bó o bá ti gbé e sókè, ìwọ gan-an ò lè gbé e wálẹ̀.

ÈMI: Bí mo bá ṣì í gbé ńkọ́, mà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹni náà á jókòó, á mu omi, á bú ọ. Èébú ò tíì fọ́ ẹnikẹ́ni lórí.

ÈMI: Bí mi ò bá gbé e ńkọ́?

*(Nọ́ọ̀sì wo iwájú orí mi.)*


11.

Ọjọ́ tó ṣáájú eré tó kángun sí àṣekágbá. Wásáàpù.

ÀBÚRÒ MI: Àǹtí mi, wọ́n ní obìnrin tó ń yan èèyàn sí káńpù ń bọ̀ lọ́la

ÀBÚRÒ MI: Ẹnì kan péré ló fẹ́ mú o

ÀBÚRÒ MI: Kóòṣì ní torí mi ló ṣe ń bọ̀

ÀBÚRÒ MI: Àǹtí mi, ẹ ti rí i, ẹ ò sọ nǹkan kan

*(Yàrá kan náà la wà. Ibùsùn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan ibùsùn mi.)*

Ohun tí mo tẹ̀ tí mo sì pa rẹ́:
— Lọ́dún tó kọjá, torí mi ló ṣe fẹ́ wá.
— Orí-Irin kan ló wà.
— Kí bọ́ọ̀sì yín dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà. (Èmi náà ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ọ̀hún.)
— Máa ṣọ́ orí rẹ.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́:

ÈMI: Oríire o


12.

ÌWÉ OLÙṢỌ́ ORÍ

*Ìṣẹ́jú 12.* Nọ́ńbà mẹ́rin fi orí kan bọ́ọ̀lù. Kò sí ewu.

*Ìṣẹ́jú 30.* Nọ́ńbà mẹ́sàn-án fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Gbogbo pápá ń pariwo orúkọ mi sí i. (Nọ́ọ̀sì ní kí n má kọ irú èyí sínú ìwé mọ́.)

*Ìṣẹ́jú 31.* Obìnrin káńpù ń kọ̀wé. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Bírò. Mi ò rí ohun tí wọ́n kọ. Mo ṣáà rí i pé ó gùn.

*Ìṣẹ́jú 52.* Wọ́n dá a padà. Ọ̀kan sí ọ̀kan.

*Ìṣẹ́jú 61.* Bọ́ọ̀lù wá láti kọ́nà. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án fò. Aṣọ́lé wọn náà fò, ó na ìgúnpá. Ìgúnpá bá nọ́ńbà mẹ́sàn-án lórí, lókè etí òsì. Ó ṣubú. Mo kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó dìde.

Rẹfirí ń wo bọ́ọ̀lù.

Kóòṣì ń bá ẹlòmíì jà.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sídìí ọrùn ẹsẹ̀ nọ́ńbà méjì.

Èmi nìkan.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń wá okùn náà, ó ń wá a.

Bàtà rẹ̀ ò ní okùn.


13.

*Etí pápá. Ìṣẹ́jú 63. Bọ́ọ̀lù ti jáde.*

ÈMI: Wá.

ÀBÚRÒ MI: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò lónìí.

ÈMI: Mo ní kó o wá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ìbọ̀sẹ̀. Àkàbà. Ṣíbí. Òkúta. Dígí.

ÀBÚRÒ MI: Ìbọ̀sẹ̀. Dígí.

ÈMI: Méjì.

ÀBÚRÒ MI: Méjì náà ni mo gbà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìwé yín.

*(Mo wo ìwé. Méjì.)*

ÈMI: O mọ̀ ọ́n márààrún, ìwọ ọmọ yìí. O lè kà á sẹ́yìn. O lè fi kọrin!

ÀBÚRÒ MI: Ta ló kọ́ mi?

KÓÒṢÌ *(láti òdìkejì)*: Ẹ̀yin méjì! Ṣé ìpàdé ẹbí lẹ ń ṣe ni?

ÀBÚRÒ MI *(ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi)*: Abẹ́rẹ́.

ÈMI: Kí lo wí?

ÀBÚRÒ MI: Mi ò sọ nǹkan kan.

*(Ó sáré lọ.)*


14.

Abẹ́rẹ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún ti ọdún yìí.

Inú ti ọdún tó kọjá ló wà. *Abẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn. Ìka. Ọsàn. Kọ́kọ́rọ́.* Èyí tí wọ́n kà fún èmi. Mo máa ń ka márààrún sókè nílé, níwájú dígí, kí wọ́n má baà tún sá fún mi. Ó ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u.

Ìwé méjèèjì wà lórí pátákó tí mo gbé dání, ọ̀kan sábẹ́ ìkejì.

Èwo ni mo kà fún un?

Mo ti sọ fún yín pé ti ọdún yìí ni. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ?

Nítorí náà, orí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì ò dúró.


15.

ÌDÍ TÍ MO FI FẸ́ GBÉ KÁÀDÌ SÓKÈ

1. Ìgúnpá.
2. Okùn bàtà.
3. Abẹ́rẹ́.
4. Ìyá Bírò ò tíì dáwọ́ ìwé kíkọ dúró.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí kẹrin. Mẹ́ta tó kù tó, ó sì ṣẹ́ kù.

Ó yá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ wo ọwọ́ mi.

Ó ṣì fẹ́ gbé e sókè.

Ìyẹn ló dá mi dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún.


16.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ẹnì kan fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú ilé wọn. Rẹfirí fọn fèrè. Pẹnáritì.

Ta ni yóò gbá a? Ẹ tún ń béèrè?

Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó tún un gbé kalẹ̀. Ó tún un gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì sún sẹ́yìn. Ìyá Bírò dìde dúró. "Orí-Irin! Orí-Irin!" Gbogbo pápá ń pè mí, kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Òwe nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbà inú òwe náà, ta ló sọ fún yín pé kò jowú ọmọ ọ̀hún? Bóyá ó ti ń wo orí náà tipẹ́. Bóyá ó ń rò ó pé: ẹ jẹ́ kó wọ́ díẹ̀ sí i.

Ó ń sáré bọ̀ síbi bọ́ọ̀lù.


17.

Búlúù.


18.

KÓÒṢÌ: Gbé e wálẹ̀!

ÈMI: Kò ṣeé gbé wálẹ̀, sà.

KÓÒṢÌ: Ìwọ ọmọ yìí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́!

ÈMI: Ta ló ní kẹ́ ẹ bẹ́ ẹ, sà? Mo ní kó jókòó ni.


19.

Wásáàpù ẹgbẹ́.

NỌ́ŃBÀ MẸ́RIN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò fún mi, ojú mi wà ní dídì

KÁPÍTẸ́NÌ: Wọ́n yọ Orí-Irin. Kóòṣì wo bẹ́ńṣì. Pẹ̀lẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀

NỌ́ŃBÀ MẸ́RIN: Pẹ̀lẹ́ tó ti fi ìdí sàmì sórí bẹ́ńṣì fún ọdún méjì??

KÁPÍTẸ́NÌ: Òun o. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù lu irin. Ó padà wá lu aṣọ́lé lẹ́yìn. Ó bá ẹsẹ̀ aṣọ́lé rìn wọlé

NỌ́ŃBÀ MẸ́RIN: 😭😭

KÁPÍTẸ́NÌ: A ti dé àṣekágbá o! Ìyá Bírò sì ti yan ẹni tó ń lọ sí káńpù

NỌ́ŃBÀ MẸ́RIN: Má wulẹ̀ sọ ọ́

KÁPÍTẸ́NÌ: PẸ̀LẸ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀

PẸ̀LẸ́: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ńṣì wà ní káńpù

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan, èmi àti àbúrò mi bínú sí ẹnì kan náà. Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ìbínú náà gbé wa láti bọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà ilé.


20.

*Ilé. Màámi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí píìnì lẹ́nu wọn.*

ÀBÚRÒ MI: Ìlara ni. O jowú mi. Ìwọ yìí, o jowú mi!

MÀÁMI: Ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń bá wí bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ wí?

ÀBÚRÒ MI: Ẹ bi í, Màámi. Ẹ bi í bóyá ìlara kọ́.

MÀÁMI: Ìwọ, ṣé ìlara ni?

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

*(Ẹ̀rọ dákẹ́.)*

MÀÁMI: Ṣé nǹkan gbá a lórí?

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

MÀÁMI: Nínú méjèèjì, èwo ló gbé ọwọ́ rẹ sókè?

ÈMI:


21.

LẸ́TÀ NỌ́Ọ̀SÌ SÍ ÌYÁ WA

Mo yẹ ọmọ yín wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ó ka oṣù láti ẹ̀yìn wá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún: méjì, bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní orí ò fọ́ òun. Mi ò rí nǹkan kan. Pé mi ò rí i ò ní kó má sí níbẹ̀. Kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iye rẹ̀ ò bá lọ sílẹ̀ sí i lọ́jọ́ àṣekágbá, mi ò ní ìwé tí mo lè fi dá a dúró.

Màámi kà á sókè. Àbúrò mi jó láti ilé ìdáná dé ilé ìwẹ̀.

Iye rẹ̀ ò lè lọ sílẹ̀. Méjì ni. Bí wọ́n fi òòlù lù ú, ṣebí á ṣì rántí méjì.

Kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn àfi òun, àfi èmi, àti gbogbo ẹgbẹ́ wa tí ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ahọ́n wọn.


22.

LẸ́TÀ MI SÍ NỌ́Ọ̀SÌ

*Èkíní.* Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ tún ìdánwò náà ṣe, nítorí ojú ọjọ́.

*Èkejì.* Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

*Ẹ̀kẹta.* Ẹ kú iṣẹ́, mà. Gbogbo iye tó wà nínú ìwé yín, irọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi. Mẹ́ta tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí orí mi gbá orí, irọ́ ni ìwé fi gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀yin ò ṣì mí yẹ̀ wò. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rán ara mi padà sórí pápá.

Ẹ̀kẹta ni mo fi sínú àpòòwé.


23.

*Òfin ìdíje, ìlà kẹtàlá:* Ẹgbẹ́ tí ìwé orí wọn bá jẹ́ irọ́ kò ní kópa nínú àṣekágbá.

Gbogbo wọn. Kápítẹ́nì. Nọ́ńbà mẹ́rin. Kódà Pẹ̀lẹ́, tí kò tíì fi orí kan nǹkan kan rí ju ìrọ̀rí lọ.

Wọ́n á ní ìlara ni. Wọ́n á ní kò tó ẹ láti jowú ẹnì kan, o wá jowú mẹ́tàdínlógún.


24.

Àpòòwé náà ti wà nínú àpò mi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣé kò sí?

ÈMI: Mo wá dá ẹ̀wù aláwọ̀ ewé padà ni, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀wù dà?

*(Mo wo ara mi. Mo gbàgbé ẹ̀wù sílé.)*


25.

Àṣekágbá ku ọjọ́ kan.


9.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń jó lórí páànù àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa. Mo fi ọwọ́ bo ojú wọ yàrá wa.

Kọ́tìnì wà ní fífà.

Ó ti tó ọdún kan tí èmi máa ń fa kọ́tìnì yẹn, tí àbúrò mi máa ń ṣí i, tí mo máa ń fà á, tí ó máa ń ṣí i. "Ṣé inú ihò là ń gbé ni?" Ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Ìta ni mo ti ń bọ̀. Èmi kọ́ ni mo fà á.

Ó jókòó sétí ibùsùn rẹ̀. Aṣọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án wà lórí itan rẹ̀, Màámi ti lọ̀ ọ́.

ÈMI: Ta ló fa kọ́tìnì?

ÀBÚRÒ MI: Mo fà á dè yín ni. Mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.

*("Yín." Ọjọ́ mẹ́tàlá rèé tí mo ti jẹ́ "ìwọ" nínú ilé yìí.)*

ÈMI: Torí mi lo ṣe fà á.

ÀBÚRÒ MI: Torí yín.

ÈMI: O ṣé. Ojú ò ro mí lónìí. Jẹ́ kí n ṣí i.

ÀBÚRÒ MI: Ẹ má ṣí i.

*(Mo jókòó. Ibùsùn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan ibùsùn mi. Àpòòwé dún nínú àpò mi, ó wò ó, kò bi mí.)*

ÀBÚRÒ MI: Àǹtí mi.

ÈMI: Mò ń gbọ́.

ÀBÚRÒ MI: Ẹ ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún mi. Mi ò ní fi nǹkan kan sábẹ́ ahọ́n.

Mo mú ìwé. Ẹyọ kan. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí òmíì lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kà á.

Ìbọ̀sẹ̀. Àkàbà. Ṣíbí. Òkúta. Dígí.

Ó di ojú. Ó di ìkúùkù.

"Ìbọ̀sẹ̀," ni ó wí.

"Dígí."

Ẹ̀rọ Màámi ń dún nínú yàrá kejì, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ṣíbí."

Mẹ́ta. Mẹ́ta ni tèmi báyìí, láìparọ́. Ó ti bá mi.

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ọmọ yìí ti gba aṣọ mi, ó ti gba ipò mi, ó ti gba fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó ti gba orúkọ tí wọ́n ń pariwo. Mo di àpòòwé mú nínú àpò mi, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi, èmi Orí-Irin, èmi tí mi ò fẹ́ kó jù mí lọ rí:

jù mí lọ.

Jù mí lọ, jọ̀ọ́.

Ó la ẹnu.